Dókítà ni mo fẹ́ ṣe, occupational therapy ni wọ́n fún mi. Ṣé kí n gbà á?

Ọmọ_Onídòdò

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, ó sì ń kán mi lójú, torí ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n ní kí n dá àwọn lóhùn.

Ọmọ ọdún 19 ni mí, Ìkirè ni wọ́n bí mi sí. Màmá mi ń dín dòdò tà, bàbá mi ń dáko kòkó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe JAMB, iṣẹ́ dókítà ni mo sì kọ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Lọ́tẹ̀ yìí mo gba 268, mo ti ń rí ara mi nínú aṣọ funfun. Àfi bí yunifásítì tí mo yàn ṣe ránṣẹ́ pé àyè ti kún lọ́dọ̀ àwọn dókítà, pé tó bá wù mí, kí n wá kọ́ occupational therapy, ọdún márùn-ún.

Mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Nígbà tí mo kà á fún bàbá mi, wọ́n ní, "Occupational? Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ni? Ṣé agbọ̀n lo fẹ́ lọ hun ní yunifásítì?" Màmá mi ò fèsì, wọ́n kàn ń yí dòdò wọn nínú epo. Ó di alẹ́ kí wọ́n tó pè mí sẹ́yìnkùlé, wọ́n ní ṣé kì í ṣe irú àwọn tó ń tọ́jú ọmọ àǹtí mi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ àǹtí mi yìí ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé rárá. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Kò ké nígbà tí wọ́n bí i. Kò lè dá jókòó, kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ tí èèyàn bá wọlé tó pe orúkọ ẹ̀, gbogbo ara ló fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni àǹtí mi ń pọ̀n ọ́n lọ sí Ìbàdàn. Obìnrin kan níbẹ̀ ló kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa gbé e jókòó kó tó jẹun, láti ìgbà náà oúnjẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ pá a lórí mọ́. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ń gbà dìgírì lórí ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ṣé iṣẹ́ wà níbẹ̀ tí èèyàn bá jáde? Ṣé mo lè gbà á báyìí, kí n sì padà sí iṣẹ́ dókítà tó bá yá? Àti pé, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ èyí: tí mo bá wo ọmọ àǹtí mi pẹ́, ẹkún ló máa ń gbọ̀n mí. Ṣé irú mi lè ṣe é?

Ìyá_Oníṣíbí

Ọmọ mi, kú ìdúró. Iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ yẹn ni mò ń ṣe láti ọdún 2009. Ifẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ, Òṣogbo ni mo wà, ọmọdé nìkan ni mo sì ń tọ́jú. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, àtadùn àtìkorò. Tó bá gùn, fara dà á fún mi.

Bá mi kí bàbá ẹ, kí o sì sọ fún wọn pé wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ṣìnà. Ní Aro l'Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, Adéoyè Lambo, dókítà àwọn alárùn ọpọlọ, máa ń fi àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Wọ́n á gba ìtọ́jú, wọ́n á tún bá onílé wọn roko, torí ohun tí èèyàn ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe wà lára ohun tó ń mú un padà bọ̀ sípò. Orí èrò yẹn náà ni iṣẹ́ wa dúró lé. Àmọ́ "occupation" tí wọ́n ń pè yẹn kì í ṣe iṣẹ́ owó. Gbogbo ohun tó ń gba ọwọ́ èèyàn láti ìjí dé àsùn ni: kó fọ eyín, kó ki ẹsẹ̀ bọ ṣòkòtò, kó jẹun, kó lọ gbọnsẹ̀, kó kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń kọ́? Eré ni iṣẹ́ tiẹ̀. Eré náà la fi ń tọ́jú ẹ̀.

Dókítà á wá ohun tó ń ṣe ọmọ. Physio á máa bá a ṣe bó ṣe máa dìde, bó ṣe máa rìn. Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ ni pé: "Láti àárọ̀ àná, kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí tí ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe fúnra ẹ̀?" Ibi tí wọ́n bá ti mí kanlẹ̀ kí wọ́n tó dáhùn, ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti ọmọ kan. N ó pè é ní Àyìnlá, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Gìrì gbé e nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì, nígbà tó máa fi là á já, apá ọ̀tún ẹ̀ ti ká kò mọ́ àyà, àtàǹpàkò wọnú àtẹ́lẹwọ́. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ìyá àgbà ẹ̀ gbé e wá bá mi. Wọ́n fi àkísà àǹkárá di ọwọ́ òsì ẹ̀, ọwọ́ tó dá ṣáṣá, mọ́ ìbàdí. Mo ní, "Màmá, kí ló dé?" Wọ́n ní, "Ọmọ ilé wa kì í fòsì jẹun. Tí mo bá tú u, òsì yẹn ló máa kì bọ ọbẹ̀." Ọmọ náà sì ti rù kan eegun, torí ọwọ́ ọ̀tún tó kù fún un ò lè bu òkèlè.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Inú bí mi. Mo tú àkísà náà níṣojú wọn, mo da Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, mo ní ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ. Màmá náà gbé ọmọ wọn, wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n lọ. Oṣù méjì gbáko, mi ò rí wọn. Oṣù méjì yẹn ṣì ń dùn mí títí dòní, torí ní ọjọ́ orí ẹ̀, oṣù méjì pọ̀.

Èmi ni mo wá ilé wọn lọ. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n, mo jókòó lórí àpótí nínú ilé ìdáná wọn. Ibẹ̀ ló ti wá yé mi pé ohun tí màmá náà ń ṣe ò jìnnà sí ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé. Ìtọ́jú kan wà tí à ń pè ní constraint-induced movement therapy. Ọwọ́ tó dára ni wọ́n máa ń dè, kí ọwọ́ tó rọ lè rí iṣẹ́ ṣe, torí ọpọlọ ọmọdé a máa gbàgbé ọwọ́ tí wọn ò lò. Àmọ́ eré ni wọ́n ń dè é sí, kì í ṣe oúnjẹ. Ó ní wákàtí tí wọ́n fi ń dè é, àwọn tó ń wo ọmọ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọmọ tí ebi ń pa ò lè kọ́ nǹkan kan.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kí n tó dé. Ẹ jẹ́ ká jọ pín àkókò ẹ̀ ni." Wọ́n fúnra wọn rán ìbọ̀wọ́ aṣọ fún òsì náà. Wákàtí méjì lẹ́yìn ìrun alásàárì, ìbọ̀wọ́ á wọ̀ ọ́, eré á bẹ̀rẹ̀. Tó bá di oúnjẹ, òsì á bọ́ sílẹ̀, àmọ́ ṣíbí ló máa mú, kò ní fọwọ́ kan ọbẹ̀. Èmi àti màmá la jọ fẹnu kò sí ìyẹn, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn.

Eré wo? Ayò. Àwọn ìwé tí mo kà ní orúkọ gígùn fún kí ọmọ kó nǹkan kéékèèké sí àtẹ́lẹwọ́, kó sì máa fi ìka yọ wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti rí àwọn bàbá tó ń ta ayò lábẹ́ igi odán ti rí i: ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ru mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì máa jẹ́ kó bọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìwo ọwọ́. Àyìnlá ò lè mú ọmọ ayò níbẹ̀rẹ̀, ó kéré jù fún un. Ọsàn wẹ́wẹ́ la fi bẹ̀rẹ̀, kó kàn gbé e kúrò nínú igbá sínú abọ́. Lẹ́yìn náà, àsálà. Àwọn ọjọ́ kan wà tó máa fi ẹsẹ̀ ta gbogbo ẹ̀ dànù. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí àtàǹpàkò yẹn tó yà kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́ fúnra ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, Iléyá bọ́ sí i, mo lọ kí wọn. Màmá na ẹran sí i. Ó gbé òsì sẹ́yìn, ó na ọ̀tún, ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó gba ẹran náà lọ́wọ́ wọn bí ọmọ ilé wọn ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Màmá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde.

Ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ nìyẹn, ọmọ mi. Oṣù márùn-ún, ẹran kan.

Ohun tó ń gba àkókò mi jù ni oúnjẹ. O ní àǹtí ẹ máa ń gbé ọmọ jókòó kó tó jẹun. Ẹni tó kọ́ wọn ṣe wọ́n lóore ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Nílẹ̀ wa, à ń rọ ọmọ. Ìyá á tẹ́ ọmọ sórí itan, orí á wálẹ̀, wọ́n á káwọ́ sẹ́nu ẹ̀ bí àrọ, wọ́n á dá ògì sí i, tí kò bá gbé e mì, wọ́n á dí imú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ ìwọ àti èmi náà. Àmọ́ ọmọ tó ní cerebral palsy, ìyẹn ìpalára ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ara ọmọ gbọ́ràn sí i lẹ́nu, ọ̀fun ẹ̀ kì í tètè pa dé. Tí orí ẹ̀ bá ti dà sẹ́yìn, ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló ṣí kalẹ̀, ibẹ̀ ni ògì ń gbà. Ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, ibà á dé, wọ́n á ní òtútù ni. Mo ti sin ọmọ méjì tó jẹ́ pé òtútù àyà ló mú wọn lọ, mo sì mọ̀ pé orí itan ni òtútù náà ti wá. Àwọn ìyá wọn ò mọ̀. Mi ò sọ fún wọn lẹ́yìn tọ́mọ ti lọ. Kí ni n bá sọ ọ́ fún?

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní gan-an ni ìjókòó. Kí ìdí ọmọ kan ẹ̀yìn àga, kí orúnkún ká, kí àtẹ́lẹsẹ̀ ní ohun tó fi tẹlẹ̀, kí àgbọ̀n ẹ̀ rọra wálẹ̀ díẹ̀. Kí ìyá jókòó síwájú ẹ̀, kó gbé ṣíbí gba ìsàlẹ̀ wá, torí tí ṣíbí bá ti òkè wá, orí ọmọ á tẹ̀lé e lọ sẹ́yìn. Kí ògì ki díẹ̀. Tẹ́nu bá ti gbà á, kó dúró kí ọmọ gbé e mì tán. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́ta míì tó sì fẹ́ lọ ọjà, ìdúró yẹn ló ṣòro jù fún un, mi ò sì ní bú u. À ń wá bí ẹ̀gbọ́n ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́wàá ṣe máa ràn án lọ́wọ́.

Àga wá ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kó wọ̀lú, owó ẹ̀ lè ra màlúù. Páálí ìndómì ni mo fi ń ṣe tèmi. Láti Zimbabwe ni ọgbọ́n náà ti wá: à ń gé páálí, à ń tò ó lé ara wọn, à ń fi bébà àtijọ́ àti lẹ́ẹ̀ bò ó, à ń sá a sóòrùn títí á fi le bíi pákó. Lẹ́ẹ̀ náà, láfún ni mo fi ń rò ó, bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ṣe ń ro tiwọn. Kí ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ gé e, kó fi ọ̀dà kùn ún kí ìtọ̀ má bàa bà á jẹ́. Àga tí ìyá bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe, kì í gbé e jù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Wọ́n á tún máa bi ọ́ pé, "Ṣé èmi ni mo fà á?" Gbogbo wọn ló ń bi mí, tó bá jẹ́ pé àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kọ́ ohun tó ń fà á dáadáa, kí o lè dá wọn lóhùn láìṣojo. Ọmọ tí èémí ò tètè dé nígbà ìbí. Ibà pọ́njú tó wọra lọ́mọ tuntun tí wọn ò tètè gbé e lọ síbi iná búlúù tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Káńfọ̀ tí wọ́n fi pa mọ́ sáàárín aṣọ ọmọ, tó sì lọ bá ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ní àìpé tí wọ́n ń pè ní G6PD. Tí ọmọ ti ìyá bá ti kọjá ibẹ̀, mo máa ń sọ ti oyún tó ń bọ̀: má lo káńfọ̀, tí ojú ọmọ bá pọ́n, má dúró de oòrùn àárọ̀.

Ó ku ti owó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wàá ṣe ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé ìwòsàn kí ìwé àṣẹ tó pé. Wọ́n ń sanwó ọdún yẹn, àmọ́ àyè ẹ̀ ò pọ̀; oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sílé kí n tó rí tèmi. Medical Rehabilitation Therapists Board, tí òfin 1988 dá sílẹ̀, ló ń fún wa níwèé. Lẹ́yìn ìyẹn, agùnbánirọ̀. Ilé ìwé ìjọba àpapọ̀ kan tún wà l'Óṣòdì tó ń kọ́ ọ, tó bá jẹ́ pé ọ̀nà yẹn ló rọrùn fún yín. Owó oṣù ìjọba ò tó nǹkan tí wọ́n ń pariwo ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ni kò tíì gba ẹnì kan ṣoṣo nínú wa, àwọn ọ̀gá míì á sì máa pè ọ́ ní physio títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì. Èmi ń fi ìrọ̀lẹ́ lọ sí ilé àwọn èèyàn, ìyẹn ló ń jẹ́ kí n rówó ilé ìwé àwọn ọmọ mi san. Ebi ò pa mí. Mi ò sì tíì kọ́lé.

Ṣé wàá lè padà sí iṣẹ́ dókítà? Àwọn kan ń ṣe é. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé tìtorí ìyẹn nìkan lo fẹ́ fi gbà á, mo bẹ̀ ọ́, fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì. A ò pọ̀. Ọmọ tó ti ń mọ̀ ọ́ lójú, tó ti ń gba ṣíbí lọ́wọ́ ẹ, kì í yé e nígbà tí o bá lọ.

Ti ẹkún, èmi náà ń sunkún. Ọmọ tó mú ẹran yẹn, ẹkún ni mo sun délé. Ẹni tí ò bá gbọ̀n rárá níwájú wọn ni mò ń bẹ̀rù.

Má wọ́ dé ọjọ́ Ẹtì láìlọ wò ó. Bá àǹtí ẹ lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ yìí, bẹ obìnrin yẹn pé kó jẹ́ kí o jókòó sí kọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn.

Àbúrò_Agége

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Oníṣíbí. Èmi kì í ṣe elétò ìlera, ìyá ọmọ ni mí. Ọmọ ọdún 11 ni ọmọbìnrin mi, cerebral palsy náà ni.

Àbúrò mi, mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn ṣe fún mi. Ọdún kẹrin tí mo ti ń gbé ọmọ káàkiri, gbogbo wọn ló ń bi mí pé ìgbà wo ló gbọ́rùn dúró, ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn. Ọmọdébìnrin kan, kò lè jù ọ́ lọ púpọ̀, ló bi mí pé, "Mọ̀mí, kí ló ń rẹ̀ yín jù?" Mo ní ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ní bí mo ṣe ń gbé e dúró lórí ṣáláńgá, ẹ̀yìn mi ti ń kú lọ. Kò sọ̀rọ̀ nípa ọrùn mọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ya àga kan sínú ìwé, ó kọ ìwọ̀n ìbàdí ọmọ sí i, ó ní kí n gbé e fún káfíńtà àdúgbò wa: àga tó ní ihò lágbedeméjì, igi ìdìmú lọ́tùn-ún lósì, bẹ́líìtì kan níwájú. Ọmọ mi ti ń fi igi yẹn gbé ara ẹ̀ ró báyìí. Ó ń lé mi jáde, ó fẹ́ dá wà níbẹ̀.

Àmọ́ ọmọdébìnrin yẹn ti lọ sókè òkun. Ẹni tó rọ́pò ẹ̀ náà ti lọ. Ẹnì kẹta là ń bá bọ̀ yìí, gbogbo ìgbà tí ẹni tuntun bá dé, oṣù mẹ́ta ni ọmọ mi ń fi í sunkún.

Ilé ìwé kan ní kí n gbé e padà sílé, pé àwọn òbí yòókù ò ní fẹ́. Mo tẹ òfin jáde, èyí tí Ààrẹ Bùhárí fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní 2019, pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n ya akàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀, mo sì fi òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 tì í. Wọ́n kà á, wọ́n ní àwọn ò ní ẹni tó máa jókòó tì í. Tí occupational therapist kan bá bá mi lọ lọ́jọ́ náà, tó sọ fún wọn pé tábìlì báyìí, àga báyìí, ọmọ yìí á jókòó bí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ohun tí mo ń wá nìyẹn, àbúrò. Bí o bá gbà á, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ẹ ó dúró díẹ̀.

Ọmọ_Ìlọrin_Leeds

Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi wà lára àwọn tó lọ, ọ̀rọ̀ àǹtí wa ti Agége sì wọ̀ mí lára. Mi ò ní gbèjà ara mi.

Occupational therapist ni mí níbí. Àbúrò, bó o bá gbà á, láti ọdún kìíní ni kí o ti máa kọ gbogbo wákàtí tó o bá lò lọ́dọ̀ aláìsàn sílẹ̀, kí ọ̀gá ẹ sì fọwọ́ sí i. 1,000 wákàtí ni ẹgbẹ́ àgbáyé wa, WFOT, ní kí akẹ́kọ̀ọ́ ní kó tó jáde, àwọn HCPC tó ń fún wa níwèé ní Bìrìtìkó sì máa ń wo ìwé rẹ fínnífínní. Mo fi oṣù púpọ̀ wá àwọn ọ̀gá mi àtijọ́ kiri torí mi ò ṣe bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ níbí ní irinṣẹ́. Òfin kan ti wà láti 2014 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní kí wọ́n kọ gbogbo ìrànlọ́wọ́ tó tọ́ sí ọmọ tí ìṣòro ẹ̀ pọ̀ sínú ìwé kan, ìwé náà sì lè bá a dé ọmọ ọdún 25. Ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìdí nìyẹn tí èyí tí mo fẹ́ sọ yìí fi bà mí lẹ́rù.

Wọ́n mú ọmọkùnrin Yorùbá kan wá, ọmọ ọdún márùn-ún. Ilé ìwé ti kọ ọ́ pé kò lè fúnra ẹ̀ jẹun. Mo gbé fọ́ọ̀kì àti ọ̀bẹ síwájú ẹ̀ bí fọ́ọ̀mù ṣe wí, ó wò ó, ó tì í sẹ́yìn. Mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìyá ẹ̀ tó tẹ̀ sí mi létí, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yìí ń dá ẹ̀bà jẹ nílé o." Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n gbé e wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé ẹ̀bà àti ilá wá nínú kúlà. Ọmọ náà bu òkèlè, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojú ẹ̀ wọlé díẹ̀, ó fi gbá ilá, ó gé e kúrò kí ó má fà, ó gbé e mì. Ìka ọmọ tí wọ́n ní ọwọ́ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ nìyẹn. Mo fa ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ ya.

Tí kì í bá ṣe pé mo gbọ́ Yorùbá, ìwé yẹn ni ì bá máa tẹ̀ lé e kiri.

Ìyá_Oníṣíbí

Ọmọ Ìlọrin, Ọlọ́run á máa ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ilá yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa rí i. Fọ́ọ̀mù tí àwa náà ń lò níbí, ti òkè òkun ni, fọ́ọ̀kì náà ló wà nínú ẹ̀. Mo ti ń tọ́jú tèmi: ẹ̀wà ṣíṣà, òkèlè bíbù, bùbá wíwọ̀ láti orí, ìkúnlẹ̀ kí àgbà láìṣubú. Ó ṣì kù púpọ̀.

Àǹtí Agége, ẹ fi orúkọ àdúgbò yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Mo ní ẹni kan ní Ìkẹjà tí mo lè bẹ̀ kó bá yín dé ilé ìwé.

Ọmọ_Onídòdò

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ka gbogbo ẹ̀ fún àwọn òbí mi lálẹ́ àná. Nígbà tí mo dé ibi ẹran Iléyá, bàbá mi ní kí n padà kà á. Wọn ò sọ̀rọ̀ agbọ̀n mọ́.

Àǹtí mi ti bá obìnrin Ìbàdàn yẹn sọ̀rọ̀, ó ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́rú, aago mẹ́jọ. Ọjọ́bọ̀ ni n ó fún ilé ìwé lésì. Ẹ jọ̀ọ́, Mọ̀mí Oníṣíbí, ṣé ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mú dání?

Ìyá_Oníṣíbí

Wọ bàtà pẹlẹbẹ àti aṣọ tó ò ní bẹ̀rù kí ògì dà sí. Yọ yẹtí, wọn á fà á. Gé èékánná ẹ kúrú, gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Tí ọmọ kan bá gbá ẹ lọ́wọ́ mú, má yára yọ ọ́.